Cunda Alágbẹ̀dẹ àti Àwa Onírin Owódé

Alágbẹ̀dẹ ló gbé oúnjẹ tí Buddha jẹ kẹ́yìn kalẹ̀ fún un. Cunda ni wọ́n ń pè é, ará ìlú Pava, ní apá àríwá ilẹ̀ Íńdíà. Buddha ti pé ẹni 80 ọdún nígbà náà, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn láti ìlú dé ìlú pẹ̀lú àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀, ó sì yà sínú oko máńgòrò tí Cunda ní. Inú alágbẹ̀dẹ dùn pé irú àlejò bẹ́ẹ̀ wọ ilẹ̀ òun, ó ní kí gbogbo wọn wá jẹun nílé òun lọ́jọ́ kejì. Wọ́n wá, wọ́n jẹun. Oúnjẹ náà kò bá baba arúgbó lára mu. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ ọ, ó ń ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Ó fara dà á, ó tún gba ọ̀nà, ó rìn dé Kusinara, ibẹ̀ ló sì kú sí. Títí di òní ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń jiyàn lórí ohun tó wà nínú abọ́ yẹn: àwọn kan ní ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni, àwọn kan ní olú kan tí ẹlẹ́dẹ̀ máa ń hú jẹ ni.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jiyàn lọ. Ohun tí mo dì mú nínú ìtàn náà ni iṣẹ́ tí Buddha rán sí Cunda kí ẹ̀mí tó bọ́ lára rẹ̀. Ó pe Ananda, ìbátan rẹ̀ tó ń tọ́jú rẹ̀, ó ní àwọn èèyàn lè máa fi ọ̀rọ̀ gún alágbẹ̀dẹ yẹn lára pé oúnjẹ rẹ̀ ló pa olùkọ́ wọn, ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ sì lè máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Ó ní kí Ananda lọ bá a, kó sọ fún un pé oúnjẹ méjì ló ga ju gbogbo oúnjẹ tí ẹnikẹ́ni ti fún òun rí lọ: èyí tí òun jẹ kí ojú òun tó là sí òtítọ́, àti èyí tí òun jẹ kí òun tó kúrò láyé, pé èrè méjèèjì dọ́gba. Ẹni tí inú ń lọ́ lójú ọ̀nà, tó mọ̀ pé ọjọ́ òun ti pé, ohun tó ń rò ni bí alágbẹ̀dẹ yóò ṣe rí oorun sùn.

Onírin ni mí. Ọjà wa ní Owódé Onírin wà lójú títì Ìkòròdú, bí èèyàn bá ti kọjá Mile 12. Ẹ̀yà ara ọkọ̀ ńlá ni mò ń tà, ti tírélà àti ti típà, pàápàá sípíríǹgì, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń tò léra láti gbé ọkọ̀ ró. Mùsùlùmí ni mí, inú ẹ̀sìn yẹn ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo wà. Inú ìwé àlòkù kan tí mo rà ní Ọjọ́tà ni mo ti ka ìtàn Cunda, mo sì wá òmíràn kún un, nítorí ó wọ̀ mí lára pé nígbà tí irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ń kú lọ, ẹni tó ń lu irin ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ẹ̀sìn Buddha kò ṣàjèjì pátápátá nílẹ̀ wa: ẹgbẹ́ Soka Gakkai tó ṣẹ̀ wá láti Japan ní ọmọ ẹgbẹ́ ní Nàìjíríà, ẹ̀kọ́ Nichiren, mọ́ńkì ilẹ̀ Japan tó gbé ayé láti 1222 sí 1282, ni wọ́n sì ń tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n n kò sọ̀rọ̀ lórúkọ ẹgbẹ́ kankan. Ohun tí mo rí láti ìdí òwò tèmi ni mo fẹ́ sọ.

Buddha kọ́ àwọn èèyàn pé kò sí ohun tó dá dúró. Ohun gbogbo ló ní ohun tó bí i àti ohun tó gbé e ró. Bí ìdí bá yí, ohun náà á yí. Bí ìdí bá kúrò, òun náà á kúrò. Èèyàn wà nínú rẹ̀. Ẹni tí mò ń pè ní èmi yìí, oúnjẹ tí ẹlòmíràn gbìn, ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn kọ́ mi àti èémí tí igi fẹ́ sí afẹ́fẹ́ ló parapọ̀ di í. Ibẹ̀ ni àánú ti wá nínú ẹ̀kọ́ náà. Bí kò bá sí ògiri láàárín wa, ìrora ẹni kejì kò lè jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Àwa náà mọ̀ ọ́n, a ní ohun tó bá ojú ló bá imú. Ṣùgbọ́n òwe rọrùn láti pa, ó ṣòro láti tọ ipa rẹ̀ dé ibi tó ń lọ. Ẹ jẹ́ kí a mú ẹyọ sípíríǹgì kan kí a jọ tọ ipa tirẹ̀.

Irin náà gùn, ó tẹ̀ kọrọdọ díẹ̀, ó ní ihò kan láàárín tí búlọ́ọ̀tì ń gbà dè é mọ́ àwọn yòókù. Ó ti dógùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ibi tó ti ń ha ìkejì rẹ̀ ń dán. Ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti wa erùpẹ̀ rẹ̀, wọ́n yọ́ ọ níbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi gbé e dé Àpápá lára ọkọ̀ tòkunbọ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń gbé àlùbọ́sà láti Sókótó, tó ń gbé tòmátò láti Kánò àti Kàdúná wá sí ọjà Mile 12, lójú ọ̀nà tí kòtò rẹ̀ pọ̀ ju ọ̀dà rẹ̀ lọ, títí ó fi kán, tí wọ́n sì wá ra òmíràn lọ́wọ́ mi. Ìyá tó ra tàtàṣé ní Mile 12 láàárọ̀ yìí kò rí mi rí, ṣùgbọ́n irin tí mo tà wà nínú ọbẹ̀ rẹ̀. Ní 2016 tí kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Tuta absoluta jẹ oko tòmátò run ní Kàdúná, gbogbo ayé ló ń sọ̀rọ̀ apẹ̀rẹ̀ tòmátò tó wọ́n gógó. Lọ́dọ̀ tiwa, ọkọ̀ tí kò rí ẹrù gbé kì í kán sípíríǹgì. Kòkòrò tí kò tó èékánná rìn láti Kàdúná, ó dé ìdí àpótí owó mi.

Sípíríǹgì tó bá kán, alágbẹ̀dẹ ló ń gbé e. Níbi tí ẹwìrì ti ń fẹ́ná nígbà kan, fáànù kékeré ló ń fẹ́ ẹ báyìí, ṣùgbọ́n èédú ṣì ni èédú. Bí irin bá ti pọ́n yòò, ó fi ẹ̀mú mú un, ó gbé e lé owú, ọmọ owú á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ìtẹ̀kọrọdọ yẹn ló kọ́kọ́ ń lọ. Lẹ́yìn náà ni ihò àárín á pa dé, etí kan á fẹ́lẹ́, wọ́n á rì í bọ omi, á hó ṣòò, ó di àdá. Ìtàn sọ pé ní 699, Wu Zetian, ọbabìnrin ilẹ̀ Ṣáínà, ní kí mọ́ńkì kan tó ń jẹ́ Fazang ṣàlàyé ẹ̀kọ́ ìsomọ́ra yìí fún òun. Fazang nawọ́ sí kìnnìún oníwúrà kan tó wà nínú ààfin. Ó ní wúrà kò ní ìrísí tirẹ̀, ọwọ́ oníṣẹ́ ọnà ló sọ ọ́ di kìnnìún; bẹ́ẹ̀ ni kìnnìún kò sí níbì kankan lẹ́yìn wúrà; àti pé nínú ẹyọ irun kan lára rẹ̀, gbogbo kìnnìún náà ló pé síbẹ̀. Ẹni tó bá ti jókòó sídìí àgbẹ̀dẹ láàárọ̀ kan ṣoṣo ti fojú rí apá kan ohun tí Fazang ń sọ.

Ṣùgbọ́n wúrà ààfin mọ́. Irin tiwa ti gba ojú ẹ̀jẹ̀ kọjá. Lára ọkọ̀ tí wọ́n ń tú tà fún wa, àwọn kan wà tó jẹ́ pé jàǹbá ló fi òpin sí ìrìn wọn, lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn tàbí ibòmíràn. Bí wọ́n bá já irú ẹrù bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, mo máa ń bẹ Ọlọ́run kó dárí jin ẹni tó lọ, kí n tó dá owó lé e. Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù mi ti mọ̀ mí mọ́ ọn, wọn kì í sọ̀rọ̀ títí n ó fi ṣe tán.

Buddha ka òwò márùn-ún tí ẹni tó bá ń tẹ̀ lé òun kò gbọ́dọ̀ ṣe: títa ohun ìjà, títa èèyàn, títa ẹran, títa ọtí, títa májèlé. Ohun ìjà ló kọ́kọ́ dárúkọ. Ó pẹ́ kí n tó kúrò lójú ewé yẹn. N kò ta ìbọn, n kò ta idà. Ẹni tó bá fẹ́ lè dúró síbẹ̀ kó sì sùn. Àmọ́ ẹ̀kọ́ tó ní ohun gbogbo so mọ́ra kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ parí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Mile 12 láàárín Yorùbá àti Hausa. Èèyàn kú, ilé jóná, ọkọ̀ jóná, Gómìnà Akínwùnmí Àḿbọ̀dé sì pàṣẹ pé kí wọ́n ti ọjà náà pa. Àwa ní Owódé ti ìlẹ̀kùn, a wọlé. Mo yọjú lójú fèrèsé, mo sì rí ohun tó wà lọ́wọ́ àwọn tó ń sáré kọjá. Irin ni. Àdá tí wọ́n fi ń ṣán oko ni. Kò sẹ́ni tó lè bá mi búra pé kò sí èyí tó ti ọwọ́ mi kọjá nínú rẹ̀, nígbà tó ṣì jẹ́ sípíríǹgì.

Àwọn kan máa ń gba ibí yìí sá fún ẹ̀bi. Wọ́n á ní bí ohun gbogbo bá so mọ́ra, ẹ̀bi ti di ti gbogbo ayé nìyẹn, kò kan ẹnì kan mọ́. N kò gbà, Buddha náà kò sì kọ́ni bẹ́ẹ̀. Ó ní ohun tí èèyàn ní lọ́kàn tó fi ṣe nǹkan ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an, òun ni yóò tẹ̀ lé e délé. Cunda fẹ́ bọ́ àlejò ni, kò mọ̀ pé oúnjẹ náà yóò ṣe é ní jàǹbá. Ìdí nìyẹn tí Buddha fi lè tù ú nínú láìpurọ́. Ká ní Cunda mọ̀, tó sì gbé abọ́ náà kalẹ̀, Ananda kì bá tí rí ọ̀rọ̀ sọ. Ohun tí mo bá ti mọ̀ nípa ibi tí irin mi ń lọ, gbèsè rẹ̀ ti wà lọ́rùn mi. Ohun tí n kò mọ̀, ó yẹ kí n bèèrè.

Ọba Ashoka ti Íńdíà bèèrè, ó sì kọ ìdáhùn sílẹ̀. Ó ṣẹ́gun ilẹ̀ Kalinga ní nǹkan bí 260 ọdún ṣáájú ìbí Jésù, ó wá ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ sára òkúta pé 100,000 èèyàn ni wọ́n pa, pé 150,000 ni wọ́n kó kúrò nílẹ̀ wọn, àti pé ó dun òun. Lórí òkúta mìíràn ló ti sọ nípa ìtọ́jú ìṣègùn fún èèyàn àti fún ẹranko, àti kànga àti igi tí wọ́n gbìn sétí ọ̀nà. Kì í ṣe gbogbo ọba tó ṣẹ́gun ló ń ka òkú àwọn ọ̀tá rẹ̀.

Alágbẹ̀dẹ kan wà nítòsí ọjà wa tó jù mí lọ dáadáa. Ọmọ ilé Ògún ni, kò ka ìwé Buddha kankan rí. Mo gbé irin lọ fún un lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan lọ́dọ̀ rẹ̀ tó mú irin pẹlẹbẹ dání, tó fẹ́ kó bá òun rọ ọ́ kó mú ní etí méjèèjì, kó má sì gùn ju ohun tó lè wọ abẹ́ aṣọ.

“Kí lo fẹ́ fi ṣe, ọmọ mi?”

“Iṣẹ́ ni, Bàbá.”

“Iṣẹ́ wo?”

Ọmọ náà wolẹ̀. “Ẹ ṣáà bá mi ṣe é, Bàbá. Iye tí ẹ bá pè é ni n ó san.”

Bàbá gba irin náà, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó dá a padà fún un. “Iná mi ò ní jó fún ìyẹn. Ṣé o ti jẹun?”

Ọmọ náà kò dáhùn. Bàbá fa àpótí kan sún mọ́ ọn pé kó jókòó, ó ní kí wọ́n bu omi wá. Kò jókòó, ó mú irin rẹ̀, ó lọ. Mo bi Bàbá léèrè pé kí ló dé tí ó ń fi oúnjẹ lọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó ní òun kò lè rọ irin yẹn, òun kò sì lè lé e. Pé ẹni tó ń wá ohun tó máa fi sábẹ́ aṣọ, ẹ̀rù ń bà á ni. Ilé ẹjọ́ Nàìjíríà ṣì máa ń jẹ́ kí ọmọ Ògún fi irin búra, nítorí wọ́n mọ̀ pé kò ní fẹ́ parọ́ níwájú rẹ̀. Lójú tèmi, ohun tí mo rí lọ́sàn-án yẹn ju ìbúra lọ. Bàbá kọ iṣẹ́ ibi, kò kọ ẹni tó gbé e wá. Buddha àti Cunda ni mo ń rò bí mo ṣe ń padà sí ṣọ́ọ̀bù.

Ọ̀rọ̀ ẹranko ló le jù fún mi. Ẹ̀kọ́ yìí kò dá àánú dúró sọ́dọ̀ èèyàn. Ohun gbogbo tó ń mí ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n sọ ìtàn Kutadanta, àlùfáà kan tó ti so ọgọ́rọ̀ọ̀rún màlúù àti àgùntàn mọ́lẹ̀ fún ìrúbọ. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ Buddha tán, ó tú gbogbo wọn sílẹ̀, ó ní kí wọ́n lọ jẹ koríko tútù. Èmi ń pa àgbò lọ́dún Iléyá. Mo gbà pé Ọlọ́run ló pàṣẹ rẹ̀, n ó sì máa pa á. Nítorí náà n kò ní ẹnu láti bá Bàbá alágbẹ̀dẹ jà lórí ajá tó ń pa fún Ògún. Ṣùgbọ́n ìbéèrè Buddha ti ràn mí lọ́wọ́ láti gbọ́ ohun tó wà nínú ẹ̀sìn tèmi tẹ́lẹ̀: ọkùnrin tó sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga, tó fi bàtà rẹ̀ bu omi fún ajá tí òùngbẹ ń gbẹ, tí Ọlọ́run sì dárí jì í. Àwọn àgbà wa náà ní ẹni tó máa fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Àgbò tí wọ́n dì ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọ́n gbé há ẹ̀yìn ọ̀kadà láàárín oòrùn, kò sí ẹ̀sìn tó pàṣẹ ìyẹn. Ibòji àti omi kò dí ọdún lọ́wọ́.

Omi náà ń so wá mọ́ra. Odò Ògùn ń ṣàn bọ̀ láti ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ó gba Abẹ́òkúta, ó gba Ìṣẹrì, ó kọjá lọ́dọ̀ wa lọ sínú ọ̀sà. Ìsédò Ọ̀yán tí Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ní 1983 wà lókè lọ́hùn-ún. Bí òjò bá pọ̀ tí wọ́n sì tú omi sílẹ̀ níbẹ̀, Ajégúnlẹ̀ tó wà lójú títì Ìkòròdú yìí ló ń mu ún. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ ló fi ilé sílẹ̀ fún omi. A mọ bí a ṣe ń bínú sí ẹni tó ṣí ìlẹ̀kùn omi lókè. Ohun tí a kì í sábà sọ ni pé àwa náà jẹ́ òkè odò fún ẹlòmíràn. Ọ́ìlì dúdú tí a dà sínú gọ́tà nígbà tí a bá tú ẹ́ńjìnnì, òjò ló ń gbé e lọ sínú Odò Ògùn, odò ló ń gbé e lọ sí Agbóyì, níbi tí àwọn èèyàn ti ń dẹ àwọ̀n.

Ti bátìrì tún burú ju ti ọ́ìlì lọ. Àwọn ọmọ Hausa tó ń ti ọmọlanke kiri, tí ń ké “Kọ́ńdẹ̀mù! Bátìrì kọ́ńdẹ̀mù!”, òjé inú bátìrì ni wọ́n ń wá, ẹni tó ń ra òjé kì í sanwó omi. Torí bẹ́ẹ̀ wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á da omi rẹ̀ sílẹ̀ níbi tó bá ti bá wọn. Ẹ wo ọwọ́ wọn: awọ ibẹ̀ ti funfun, ó ti bó, ẹsẹ̀ ṣòkòtò wọn ti lu jára. Òjé kì í kú sínú ilẹ̀. Ní Zamfara ní 2010, ju 400 ọmọdé lọ ni òjé pa, nítorí pé àwọn òbí wọn ń lọ òkúta tó ní wúrà àti òjé nínú, wọ́n sì ń lọ̀ ọ́ nínú ọgbà ilé. Wọn kò mọ̀. Àwa ti mọ̀ báyìí. Ìtàn mìíràn wà pé Buddha bá mọ́ńkì kan tó ń ṣàìsàn, tó dùbúlẹ̀ sínú ìgbẹ́ ara rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sún mọ́ ọn. Òun àti Ananda ló wẹ̀ ẹ́, tí wọ́n gbé e sórí ibùsùn, ó sì sọ fún àwọn yòókù pé ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú òun, kó tọ́jú aláìsàn. Ọmọ ọlọ́mọlanke tí ọwọ́ rẹ̀ bó yẹn kò jìnnà sí ìkankan nínú ṣọ́ọ̀bù wa.

Ẹ̀yin onírin ẹlẹgbẹ́ mi ní Owódé, ẹ gbé àgbá kan sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù fún ọ́ìlì dúdú. Àwọn tó ń rà á wà, owó ni yóò tún mú wọlé. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan fọ́ bátìrì níwájú yín. Ẹ rà á lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú omi inú rẹ̀, kí ẹ sì wá ìbọ̀wọ́ rọ́bà fún un. Bí oníbàárà bá mú irin tí ohun tó fẹ́ fi ṣe kò yé yín, ẹ bi í kí ẹ tó gba owó rẹ̀. Kò sí èyí tó gba pé kí ẹnikẹ́ni yí ẹ̀sìn rẹ̀ padà nínú wọn. Kí òjò tó dé ni kí ẹ ṣe ti ọ́ìlì, nítorí tí omi bá ti gbé e dé Agbóyì, kò sẹ́ni tó lè kó o padà.